Kòkòrò inú ewé tó ń ba tòmátì jẹ́: Oògùn nìkan kò lè ṣẹ́gun rẹ̀

Àwọn àgbà ló ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó ń bá àwọn àgbẹ̀ tòmátì fínra láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tiẹ̀ tún kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí inú ewé gan-an ló kọ́lé sí.

Ẹni tó bá ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ibafo àti Mowe yóò mọ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya, tí wọ́n ń forí lé ọjà Mile 12 ní Èkó. Bí tòmátì náà bá wọ́n, àti ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́bàá títì ní Mowe, àti ẹni tó ń ná ọjà n'Ifọ, gbogbo wọn ni yóò mọ̀ ọ́n lápò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé àfòpiná kan tí kò gùn tó èékánná ọwọ́ wà lára ohun tó ń fa ọ̀wọ́n náà.

Tuta absoluta ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀; Edward Meyrick, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1917, láti ara èyí tí wọ́n rí ní Peru. Ọdún 2006 ni wọ́n rí i ní Sípéènì, ó dé Àríwá Áfíríkà lọ́dún 2008, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi wọ ẹkùn tiwa. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, ọṣẹ́ tó ṣe pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pé ọ̀rọ̀ tòmátì ti di pàjáwìrì. Ilé-iṣẹ́ Dangote tó ń ṣe tòmátì ní Kadawa, ìpínlẹ̀ Kano, tí wọ́n kọ́ láti máa lo 1,200 tọ́ọ̀nù lóòjọ́, dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé kò rí tòmátì lò. 'Ẹ́bólà tòmátì' ni àwọn èèyàn sọ ọ́, torí ẹ̀rù àrùn Ẹ́bólà ọdún 2014 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Kòkòrò náà kò sì lọ. Lọ́dún 2024, ó tún fojú àwọn àgbẹ̀ Kaduna rí màbo. Wọ́n ti rí i nínú oko ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín pẹ̀lú.

Báwo ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀? Alẹ́ ni àfòpiná náà ń jáde. Abo kan lè yé tó 260 ẹyin láyé rẹ̀, ara ewé ló sì fẹ́ràn jù láti yé e sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹyin á di ìdin, ìdin á sì lu ewé wọlé. Láti ìgbà náà lọ, àárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé ló ń gbé, tó ń jẹ ẹran ewé tó wà láàárín, bí ẹni tó ń wa kùsà. Àmì funfun fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí lójú ewé, kó tó gbẹ bí èyí tí iná rà. Ìdin náà tún ń wọnú èso, ihò tó bá lu sí i ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Bó bá yó tán, á já bọ́ sínú ilẹ̀ láti sùn, kó tó yọ ìyẹ́. Nínú ooru bíi tiwa, gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ìran rẹ̀ sì lè tó 10 sí 12 lọ́dún kan.

Ibi tí àgbẹ̀ ti ń ṣì í nìyí. Bó bá rí àmì náà, oògùn apakòkòrò ló máa ń sáré lọ rà. Àmọ́ ojú ewé ni púpọ̀ nínú oògùn ń dúró sí, ọ̀tá sì ti wà nínú yàrá. Àgbẹ̀ á tún un fín, á tún un po kó le sí i. Ní Chile, Brazil àti Argentina, kòkòrò náà ti di ẹni tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mọ́. Kí wá ni èrè? Owó àgbẹ̀ ti lọ, kòkòrò kò kú, májèlé sì lè tẹ̀ lé tòmátì dé inú ọbẹ̀ wa.

Ọ̀ràn kejì ni ti àwọn ewéko mìíràn tó ń gbà á lálejò. Tòmátì ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń jẹ. Gbogbo mọ̀lẹ́bí tòmátì ni ilé rẹ̀: ọ̀dùnkún òyìnbó, ikàn, tábà, ẹ̀fọ́ odú, àní gẹ̀gẹ́mu tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tiẹ̀ ń bà lé ata nígbà mìíràn. Èyí já sí pé bí wọ́n bá tilẹ̀ kórè gbogbo tòmátì tán, ìdin náà kò ní fi ebi sùn. Etí oko ni yóò sá sí dìgbà tí wọ́n bá tún gbin òmíràn.

Níhìn-ín ló ti kan Mowe, Ibafo àti Ifọ. Àwọn ilé tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ti há àwọn tó ń dáko ẹ̀fọ́ mọ́. Níbi tí oko kékeré bá ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tí olúkúlùkù sì ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó fín oògùn lónìí lè gba àlejò láti oko aládùúgbò rẹ̀ lọ́la.

Nítorí náà, àjùmọ̀ṣe ni ogun yìí. Kí àwọn tí oko wọn kángun síra wọn jọ já ewé tó ti ní àmì, kí wọ́n sì sun ún. Kí wọ́n hú odú àti gẹ̀gẹ́mu tí ẹnikẹ́ni kò gbìn kúrò ní etí oko. Lẹ́yìn tòmátì, àgbàdo tàbí ẹ̀wà ló yẹ kó bọ́ sórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ikàn tàbí ata. Pańpẹ́ kan tún wà, tó ń lo òórùn tí abo fi ń pe akọ. Ó ń fi han àgbẹ̀ pé àlejò ti dé, kó tó di pé ewé gbẹ. Oògùn tí wọ́n ṣe láti ara èso dóńgóyárò náà lè ṣèrànwọ́, bí wọ́n bá tètè lò ó.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, wà n'Ìbàdàn. Fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB, wà l'Ábẹ́òkúta. OGADEP sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ láti máa gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé oko. Ohun tó kù ni pé kí ìmọ̀ náà kúrò nínú ìwé, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di ọkọ́ mú. Bí ìyẹn kò bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn ni yóò máa jèrè nínú ìjà yìí, àgbẹ̀ àti ẹni tó ń ra tòmátì ni yóò sì máa san gbèsè rẹ̀.