Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìjọba, Wọ́n Ṣí Fèrèsé fún Oníṣòwò

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ló sọ pé òfin tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ àdáni ará ìlú ṣe ohun tó bá wù ú, ìdíwọ́ òwò lásán ni. Ó ní ìjọba nìkan ló yẹ ká máa sá fún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n bá ìjọba wọn jà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Ẹgbẹ́ Ìjọba-Má-Dá-Sí-I ni èmi máa ń pe àwọn yẹn. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìdajì ìtàn lo mọ̀." Ó bínú. Kó bínú.

Kí n má jẹ̀bi, n ó kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1991, àbá òfin kan wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, tó fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, Phil Zimmermann, kò dúró gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Ó ṣe ètò kan fún kọ̀ǹpútà, ó pè é ní PGP, ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ àrokò ayé àtijọ́ ló ń ṣe: ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá já a gbà lọ́nà, pàǹtí ló máa rí.

Nígbà yẹn, òfin Amẹ́ríkà ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun ìjà ogun, tí wọn kò gbọdọ̀ kó jáde nílùú láìgbàṣẹ. Nígbà tí PGP sì ti sọdá òkun, àwọn aṣọ́bodè gbé ìwádìí dìde sí Zimmermann. Wọ́n yí i po, yí i po, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1996 láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wọn kò lè dí ìwé lọ́wọ́. Ní 1997, wọ́n tẹ PGP sínú ìwé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé, wọ́n kó o lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn èèyàn ní Norway àti ibòmíràn sì tún un kó sínú kọ̀ǹpútà lójú ewé lójú ewé. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìjọba Clinton náà gbé tiwọn dé ní oṣù kẹrin 1993. Ẹ̀rọ bíńtín kan ni, Clipper lorúkọ rẹ̀, inú tẹlifóònù ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa fi í sí. Yóò pa ọ̀rọ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba méjì, ìdajì lọ́dọ̀ ọ̀kan, ìdajì lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ gbọ́ ná, ta ni yóò ra àgádágodo tí ọlọ́pàá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Ariwo ta. Ní 1994, Matt Blaze tó ń ṣiṣẹ́ ní AT&T fi hàn pé ọlọ́gbọ́n lè lo ẹ̀rọ náà kó sì fọ́ ìjọba lójú. Kó tó di ìparí 1996, Clipper ti kú.

Ọdún 1996 yẹn kan náà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, Clinton fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ dí ọ̀rọ̀ rírùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ náà gan-an, John Perry Barlow, ẹni tó ti sin màlúù rí ní Wyoming, tó sì máa ń kọ orin fún ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead, jókòó sí Davos ní Switzerland, ó kọ ìkéde òmìnira kan. Ó ní kí àwọn ìjọba ayé kúrò lọ́nà, pé wọn kò láṣẹ kankan nílẹ̀ tuntun yìí. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé apá tó pọ̀ nínú òfin náà. Ẹgbẹ́ Ìjọba-Má-Dá-Sí-I borí.

Ó dáa. Ẹ̀yìn ńkọ́?

Davos ni ibi tí àwọn olówó ayé ti ń pàdé lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni Barlow jókòó sí tó ń bá ìjọba wí, kò sì rí nǹkan kan kìlọ̀ fún oníṣòwò tí yóò máa ka ìṣísẹ̀ wa kó lè rí i tà. Bẹ́ẹ̀ ọdún kejì ti ń lọ tí nǹkan náà ti wà nílé.

Ní 1994, Lou Montulli ti ilé iṣẹ́ Netscape ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní kúkì. Kò ro ibi. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà dà bí ìyálọ́jà onígbàgbé: o mú tòmátò, o yíjú wo ata, kó o tó yíjú padà ó ti ń bi ọ́ pé ta ni ọ́. Kúkì jẹ́ àmì kékeré tí ìsọ̀ náà ń fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ kó lè dá ọ mọ̀. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Àmọ́ ojú ewé kan kì í ní olówó kan ṣoṣo. Ìpolówó ọjà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti wá, òun náà sì lè fi àmì tirẹ̀ sí ọ lára. Bí onípolówó kan náà bá wà ní ẹgbẹ̀rún ìsọ̀, ó di ẹni tó fi ẹfun sàmì sí ọ lẹ́yìn láìjẹ́ kó o mọ̀: o yà sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó rí ọ; o yà sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ó rí ọ; o ń ka nípa àìsàn tí o kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ, ó wà níbẹ̀.

Ní 1999, onípolówó kan tí ń jẹ́ DoubleClick fi owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ra Abacus Direct, tí orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjà tí àìmọye ìdílé Amẹ́ríkà rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ so orúkọ mọ́ àmì. Àwọn èèyàn yarí, ọ̀gá wọn sì gbà ní oṣù kẹta 2000 pé àwọn ṣe àṣìṣe. Google ra DoubleClick ní 2008, owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, nígbà tó di 2016, Google yí ìlànà rẹ̀ padà kí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe. Àwa wo ló yarí lọ́tẹ̀ yìí?

Ìlérí oníṣòwò sì rèé: Toysmart, tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, ṣèlérí pé àwọn kò ní fi orúkọ oníbàárà han ẹnikẹ́ni láé. Òwò dẹnu kọlẹ̀ ní 2000, wọ́n sì gbé orúkọ àwọn ìyá àti bàbá wọ̀nyẹn síta fún títà bí àga àti tábìlì. Àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò ló gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ yìí bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n ṣòfin gbogboogbò. Wọn kò ṣe é. Ìjọba Clinton fúnra rẹ̀ ti sọ ní 1997 pé kí àwọn oníṣòwò máa ṣe àkóso ara wọn. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ náà borí lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìjọba tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ní 2013, Edward Snowden tú u síta pé ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, NSA, ń gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn láti ọ̀dọ̀ Google, Facebook, Microsoft àti àwọn mìíràn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden gbé lẹ́tà jáde tí NSA ti gbà pé àwọn ń fi owó ra àkọsílẹ̀ ìrìn àwọn ará Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi Clipper ṣe? Ohun tí wọn kò rí fi ipá gbà ní 1993, wọ́n ń rà á lọ́jà.

Ní Èkó níbí, ní 2021, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀, pé obìnrin kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa, olè ni, ó yáwó kò san. N kò ṣe onídùúró rẹ̀. Nọ́ńbà mi kàn wà nínú fóònù rẹ̀ ni, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Ayánilówó orí fóònù kan ló ti kó gbogbo nọ́ńbà tó ní lọ́jọ́ tó tẹ "mo gbà". Pásítọ̀ rẹ̀ gbà á, àna rẹ̀ gbà á, ọ̀gá iléèwé ọmọ rẹ̀ gbà á. Ní oṣù kẹjọ 2022, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Ìjọba nìyẹn o, èyí tí ọ̀rẹ́ mi ní kó má dá sí i.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ṣebí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tẹ "mo gbà". Mo ní kó ṣí fóònù tirẹ̀, kó ka èyí tí òun náà tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn sí mi létí. Ó yí ọ̀rọ̀ padà sí bọ́ọ̀lù.

Obìnrin náà ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Aṣọ mi méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní í pè é nítorí rẹ̀.