Ẹ má fi aláǹtakùn inú igbó wa bẹ̀rẹ̀

1/
Ẹnìkan tún wọ DM mi lánàá: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí aláǹtakùn ńlá yẹn? Èmi náà fẹ́ máa sin ọ̀kan. Mo gbọ́ pé wọ́n pọ̀ ní oko yín." Láti oṣù tó kọjá, ó ti tó èèyàn mẹ́rìnlá tó bi mí ní ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

2/
Ìdáhùn mi nìyí: tẹ́ ẹ bá jẹ́ olùbẹ̀rẹ̀, aláǹtakùn inú igbó wa kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kódà kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín ló ń gbé. Tẹ́ ò bá sì tíì rí èyí tó yẹ olùbẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì sin ìkankan. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, èmi tí mo ṣe fídíò yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gé kúrò nínú ẹ̀.

3/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé nígbà tí mo parí NYSC, mo padà sí Ògbàgì-Àkókó, sílé ìyá àgbà. Iṣẹ́ ò sí, dátà wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò oko kòkó, àwọn òkè wa, ọjà Ìkàré. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi pè mí pé kí n wá wo ihò kan ní ìdí àpáta létí oko. Ó da omi sí i. Ohun tó jáde wá tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi, irun bo gbogbo ara ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

4/
A fi igi tì í wọ inú ike kọ́sítáàdì, mo gbé e wálé. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? O ò ní jẹ ẹ́, o ò ní tà á, kò lè ṣọ́lé." Mo ní, "Màmá, kọ́ńtẹ́ǹtì ni." Wọ́n ní, "Kọ́ńtẹ́ǹtì wo? Ṣé òun ló máa bá ẹ bọ́ ọ?"

5/
Nínú fídíò àkọ́kọ́, ó kàn jókòó sínú ike ni. Èèyàn bí ọ̀ọ́dúnrún ló wò ó. Ẹnìkan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Tó bá dá ẹ lójú, gbé e sọ́wọ́." Èmi náà gbé e sọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló sáré. Mi ò tiẹ̀ rí i nígbà tó ṣí lọ, mo kàn rí i pé ó ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ń wọ inú aṣọ. Mo kígbe, mo ju ọwọ́ dànù. Ó já lulẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

6/
Ibẹ̀ ni mo ti gé fídíò náà. Ohun tẹ́ ò rí ni pé ikùn ẹ̀ bẹ́. Awọ ikùn aláǹtakùn ńlá fẹ́lẹ́ gan-an. Tó bá já láti ibi tí kò ga tó tábìlì pàápàá, ó lè kú. Omi inú ara ẹ̀ ló sì fi ń na ẹsẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń dà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ká wọ abẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tètè kú. Èmi, mo gbé ìdajì fídíò sórí ìkànnì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi orin sí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló wò ó. Òun ni fídíò mi tó tíì rìn jù.

7/
Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè bá mi kẹ́dùn o. Mo sọ ọ́ torí pé fídíò yẹn ló ń rán àwọn èèyàn lọ sí ìdí àpáta báyìí. Ó ń sọ fún wọn pé: mú un, gbé e sọ́wọ́, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo gé e kúrò.

8/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yíyàn. Àwọn aláǹtakùn ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní tarantula, ẹ̀yà wọn lé ní 1,000 láyé. Olùbẹ̀rẹ̀ kàn nílò láti pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, látòkè dé ìsàlẹ̀, àti àwọn ti ọ̀dọ̀ tiwa, ìyẹn Áfíríkà àti Éṣíà.

9/
Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ti Amẹ́ríkà ní irun wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ikùn. Tí ẹ bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọn irun náà sí yín lára. Ṣé ẹ mọ wèrèpè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń yún èèyàn, kò sì gbọ́dọ̀ kan ojú rárá. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ní irun yẹn, kì í yá wọn lára láti gé èèyàn jẹ, oró ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì le. Bí wọ́n bá sì ń rìn, púpọ̀ nínú wọn kì í kánjú.

10/
Tiwa ò ní wèrèpè kankan. Eré àti eyín ni ohun ìjà tiwọn. Ẹ bá a dé igun, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, á fi eyín hàn yín. Ẹ ò bá kúrò níbẹ̀, á já yín jẹ. Oró náà ò dà bíi ti paramọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn ẹ̀yà kan máa ń dun èèyàn wọra, pajápajá á sì máa mú iṣan fún ọjọ́ mélòó kan. Òyìnbó ń fi ìnàkí pè wọ́n, baboon spider, torí pé orí ẹsẹ̀ wọn jọ ìka ìnàkí.

11/
Ẹ wo Heteroscodra maculata, ti Tógò àti Gánà. Ó funfun bí eérú, ó ní tótòtó dúdú lára, orí igi ló ń gbé, eré ẹ̀ sì kọjá ohun tí ojú lè tẹ̀ lé. Ẹ wo Hysterocrates gigas ti Kamẹrúùnù, tó ń gbẹ́ ihò jíjìn. Àwọn ìbátan ẹ̀ wà ní Nàìjíríà níbí. Wọ́n ń tà wọ́n nílùú òyìnbó, àmọ́ ẹni tó ti sin aláǹtakùn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n yẹ. Ẹ̀mú gígùn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàápàá fi ń bá wọn ṣe, kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́.

12/
Èwo wá ni ti olùbẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tẹ́ ẹ lè wọ ṣọ́ọ̀bù rà á, mẹ́ta yìí ni kẹ́ ẹ wò:

Tliltocatl albopilosus, ti Họ̀ńdúrásì, Nikarágúà àti Kọsita Ríkà. Irun ẹ̀ ká kó bí irun tiwa. Ó nírọ̀rùn, ó máa ń jẹun dáadáa.

Grammostola pulchra, ti Brasil. Ó dúdú kirikiri, ó sì ń rọra ṣe.

Brachypelma hamorii, ti Mẹ́síkò, tó ní àwọ̀ pupa ní orúnkún. Òun ni ẹ sábà máa ń rí nínú fíìmù.

13/
Èyí tí wọ́n bí sínú ilé ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbẹ́ láti inú ihò. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó lè ní aràn tàbí ìdin eṣinṣin nínú ikùn. Ó lè jẹ́ arúgbó. Ó lè jẹ́ akọ tó ti dàgbà tán, tí kò ní pẹ́ kú mọ́. Nítorí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn olórúnkún pupa ti Mẹ́síkò nínú igbó ni àdéhùn CITES fi ń ṣọ́ òwò wọn láti ọdún 1985. Abo kan ń lo ọdún púpọ̀ kó tó tóbi tó ẹni tó ń bímọ. Ẹ kó gbogbo abo ìdí àpáta kan lọ, ibẹ̀ dòfo nìyẹn.

14/
Ilé ẹ̀: àpótí ike tàbí gíláàsì tó ní ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ àti ọmọrí tó dé gírígírí. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ẹ̀ kó pọ̀, kí àyè tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti ọmọrí má ga, kó má baà gùn ún kó já. Ẹ fún un ní ibi tó máa sá pamọ́ sí àti omi nínú ọmọrí ìgò. Ó parí. Kò nílò iná ìjọba, kò nílò jẹnẹrétọ̀.

15/
Oúnjẹ: ìrẹ̀ tàbí aáyán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì tó bá ti dàgbà. Kí ohun tẹ́ ẹ fún un má tóbi ju ikùn ẹ̀ lọ. Ẹ má mú aáyán inú ilé tí wọ́n ti fín oògùn sí o. Oògùn tẹ́ ẹ fi ń pa aáyán máa pa òun náà. Ilé tí wọ́n ti ń fín oògùn ẹ̀fọn lálaalẹ́, kò sí ibi tí aláǹtakùn fẹ́ gbà gbébẹ̀.

16/
Tó bá fẹ́ pa awọ dà, ó lè má jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ náà, á sun ẹ̀yìn délẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ti kú. Kò kú o! Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ yọ ìrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ kúrò kó má baà jẹ ẹ́. Olùbẹ̀rẹ̀ tó pọ̀ ti gbé èyí tó wà láàyè jù sínú ààtàn.

17/
Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọdún. Abo Brachypelma lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ aláǹtakùn ihò kan lọ́dún 1974, ìbátan àwọn tarantula ni. "Number 16" ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2016 ló kú, ó ti pé ọmọ ọdún 43. Agbọ́n ló pa á, kì í ṣe ogbó. Ó ju èmi lọ dáadáa! Nítorí náà kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ bi ara yín: tí mo bá ṣègbéyàwó ńkọ́? Tí mo bá jáà ńkọ́? Ta ló máa bọ́ ọ? Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá ṣe é dópin.

18/
Ẹ má gbé e sọ́wọ́. Ajá á mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun. Aláǹtakùn ò mọ̀. Ọwọ́ yín ò ju ilẹ̀ tó ń mì lọ lójú ẹ̀. Tí ohun tẹ́ ẹ máa wò láti ìta gíláàsì ò bá tó yín, ẹ sin ológbò.

19/
Ẹnìkan máa sọ pé, "Tòyìnbó ló wá dára, tiwa ni ò dára." Rárá o. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní California, nínú iṣẹ́ yàrá David Julius, gbé e jáde pé oró Heteroscodra maculata ti Tógò jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀nà kan tí ìrora ń gbà rìn nínú iṣan ara. Julius yìí kan náà ló fi ọ̀rọ̀ ata gba Nobel ní 2021. Aláǹtakùn tiwa níyì. Ṣùgbọ́n ohun tó níyì kọ́ ni gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó sínú ike kọ́sítáàdì.

20/
Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni bá yín fi ọ̀kan sápò wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹranko ààyè ò gbọ́dọ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Nigeria Agricultural Quarantine Service. Fún ọ̀pọ̀ wa, ìdáhùn òtítọ́ ni "kò tíì yá." Mo mọ̀ pé kò dùn. Èmi náà ò ní ọ̀kan.

21/
Ohun tí mò ń ṣe báyìí: mo máa ń lọ sí ìdí àpáta lálẹ́ pẹ̀lú àbúrò mi, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. A jókòó jìnnà díẹ̀ sí ihò mìíràn tá a rí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, á yọ ẹsẹ̀ méjì síta, á dúró. Ìgbà mìíràn wákàtí kan á kọjá, kò sí nǹkan. Ìgbà mìíràn ìrẹ̀ á gba iwájú ẹ̀ kọjá, ó tán! Èèyàn igba ó lé díẹ̀ ló wo fídíò tó kẹ́yìn. Ìyá àgbà wà lára wọn, wọ́n ní kí n tún un fi hàn wọ́n.

22/
Mo pa fídíò ogójì ẹgbẹ̀rún yẹn rẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Sí ẹ̀yin mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ wọ DM mi: ẹ má da omi sí ihò kankan. Ẹni tó bá sì ti mú ọ̀kan wálé nítorí mi, kó fi ike gbé e padà sí ẹnu ihò tó ti mú un, lálẹ́ òní. Ìbéèrè tó kù, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mo wà níbí.