Ẹ̀sùn Lórí Sáfà Àwọn Iléeṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà

Ẹ̀yin olùdarí iléeṣẹ́ láti Ṣàngó títí dé ojú ọ̀nà Ìdírókò, àti ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ké sí nígbà tí sáfà (server) bá ń ṣe bákan, ẹ̀yin ni mo fẹ̀sùn kàn. Ọ̀nà tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn lẹ fi ń ṣe àtúnṣe firmware, ẹ kì í wo ohun tí ẹ̀rọ náà fẹ́. Àwọn mìíràn nínú yín kò tilẹ̀ ṣe é rárá. Bí sáfà bá kú, ìwé ẹrù kò ní jáde, awakọ̀ tírélà á sùn sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ firmware á sì máa retí owó oṣù tí kò wọlé.

Firmware ni àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: sínú bọ́ọ̀dù, sínú dísíìkì, sínú káàdì nẹ́tíwọọ̀kì. Òun ló ń jí kí Windows tó jí. Bí àléébù bá wà nínú rẹ̀, ẹ tún Windows fi sí i nígbà mẹ́wàá, àléébù náà ò ní kúrò.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé ẹ pa á tì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, HPE, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sáfà, kéde pé àwọn dísíìkì SSD irú SAS kan tí wọ́n ti tà yóò kú bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8. Bí wákàtí yẹn bá ti pé, dísíìkì náà kú nìyẹn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ṣeé gbà padà. Firmware tuntun tí wọ́n pè ní HPD8 ni oògùn rẹ̀, àfi kí ẹ fi sí i kí ọjọ́ tó pé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n tún kéde irú rẹ̀ lórí àwọn dísíìkì mìíràn, wákàtí 40,000 ni tiwọn. Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń ra sáfà. Gbogbo dísíìkì inú rẹ̀ lẹ rà pọ̀, ọjọ́ kan náà lẹ tan gbogbo wọn. RAID tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, pé bí ọ̀kan bá kú èyí tó kù á gbé iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe nígbà tí gbogbo wọn bá kú tẹ̀lé ara wọn? HPE kìlọ̀ èyí nínú ìkéde náà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ ń sọ pé “ó ṣáà ń ṣiṣẹ́,” wákàtí ń kà lọ nínú dísíìkì.

Ẹ̀sùn kejì, pé ọ̀nà tó rọ̀ yín lọ́rùn lẹ ń yàn, ló wúwo jù lójú mi. Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ láti tún firmware ṣe. Ẹ lè ṣe é láti inú Windows nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ẹ wá pa sáfà kí ẹ sì tún un tàn lálẹ́. Ẹ lè fi àkójọ olùpèsè tàn án, bíi SPP ti HPE, tó ń tún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á dúró títí yóò fi parí. Ẹ lè gba ihò ìṣàkóso, iDRAC lára Dell, iLO lára HPE, kódà bí Windows bá ti kú. Ẹni tí sáfà rẹ̀ pọ̀ lè lo OpenManage Enterprise ti Dell, kó kó iṣẹ́ kúrò lórí ọ̀kan, kó tún un ṣe, kó tó kan òmíràn. Fún iléeṣẹ́ tó ní sáfà méjì mẹ́ta, ihò ìṣàkóso ni mo fara mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Èyí tó máa jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe tètè lọ sílé lẹ ń mú. Ẹ ń kọ BIOS tuntun, ìyẹn firmware bọ́ọ̀dù, lórí iná NEPA láìwo bátìrì UPS. Band A pàápàá, ìpele iná tó dára jù, wákàtí 20 lóòjọ́ ni ìlérí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wákàtí 4 tó kù máa bọ́ sí. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tíì gbà á, ìdajì firmware ló wà lórí bọ́ọ̀dù. Sáfà ProLiant ti HPE ní ẹ̀dà BIOS kejì tó lè gbà á là. Kì í ṣe gbogbo káàdì inú sáfà ló ní irú rẹ̀.

Ẹ yí sáfà yín padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò kan wà tó dá dúró, àmì spánà ló wà lára ti Dell, wọ́n kọ iLO sára ti HPE. Ẹ̀sùn kẹta ni pé inú ṣíwíìṣì kan náà tí kámẹ́rà géètì wà lẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀, ẹni tó bá dé ibẹ̀ sì ti dé ìdí ihò náà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá Dell àtijọ́ wá, root àti calvin, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Lára iLO 4, ẹni tó bá to lẹ́tà A 29 jọ sínú ohun tó fi ránṣẹ́ sí i lè wọlé láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ọdún 2017 ni firmware tó tún àléébù yẹn ṣe ti jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Amnpardaz ní Iran tú àṣírí iLOBleed, kòkòrò tó ń gbé inú iLO tó sì ń nu dísíìkì. Bí ẹ bá ní kí iLO gba firmware tuntun, kòkòrò náà á ṣe bí ẹni pé ó ti gbà á, á sì gbé nọ́ńbà tuntun síta, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ojú ìwé ìwọlé tí kò bá nọ́ńbà náà mu ló tú u fó.

Fáìlì tí agbaṣẹ́ṣe gbé wá nínú fúláàṣì, ta ló mọ ibi tó ti rí i? Ẹ̀sùn kẹrin nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní dá ẹ̀bi rẹ̀ lé e nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni HP, tí apá sáfà rẹ̀ ń jẹ́ HPE báyìí, ní kí ẹni tí kò ní wáráǹtì tàbí àdéhùn ìtọ́jú má rí BIOS ProLiant gbà. Ẹni tó ra sáfà tòkúnbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ibo ni kó gbà? HP jẹ̀bi nínú èyí pẹ̀lú yín.

Ìkarùn-ún kò gba àlàyé: ẹ ń tún gbogbo sáfà ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, ní ìparí oṣù, láìní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀yin olùdarí, ẹ pe agbaṣẹ́ṣe yín lónìí. Ẹ ní kó sọ nọ́ńbà firmware tó wà lórí dísíìkì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tó fẹ́ gbà tún un ṣe àti ìdí tó fi yan ọ̀nà náà, àti ibi tó ti gba fáìlì. Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan sáfà náà.