Tépù Dúdú Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Ní Igbóbì tí mò ń gbé, kò sí ẹni tí kò mọ ilé ìwòsàn egungun. Wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ ló jẹ́ pé ọkọ̀ ló ṣe wọ́n léṣe. Kò sí dókítà tí yóò kàn wé aṣọ mọ́ egungun tó ṣẹ́, kó ní ó ti jinná. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò kan náà, ojoojúmọ́ ni a ń lọ́ wáyà iná iwájú ọkọ̀ pọ̀, tí a ń wé tépù dúdú mọ́ ọn, tí a sì ń pè é ní àtúnṣe. Irọ́ ni.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ra iná tuntun fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi ní Ládípọ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu. Rẹ́wáyà ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n jó o lójé, kí n sì fi rílè àti fíúùsì sí i.” Ó sọ iye tí yóò gbà. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi lọ́ ọ pọ̀.” Ó lọ́ ọ. Iná náà mọ́lẹ̀ rekete. Kò pé oṣù mẹ́ta, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, èéfín yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Onípáànù, iná méjèèjì sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn ọkọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n gbá ọkùnrin kan tó ń sọdá títì.

Kí ló fà á? Gílóòbù wáàtì 55 lórí bátìrì fóòtì 12 ń fa nǹkan bí ampere 4.6. Ẹyọ wáàtì 100 kan tí mo rà ń fa ju ampere 8 lọ. Wáyà tí wọ́n ṣe fún ti àkọ́kọ́ ni mo fi gbé èkejì. Ojú ibi tí a lọ́ pọ̀ ló sì ń jìyà jù. Ooru ẹ́ńjìnnì tú tépù, òjò wọlé, bàbà inú wáyà dípẹtà. Iná kò wá rí ọ̀nà gbà dáadáa mọ́, ó sì di ooru. Bí fíúùsì bá jó, a ó fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá! Wáyà ni fíúùsì ń dáàbò bò. Bí fíúùsì kò bá jó, wáyà ni yóò jó.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí, pé ọkọ̀ àwọn ti ń rìn lórí tépù tipẹ́. Pé kò tíì jó kò ní kó má jó lọ́la. Ẹni tó rówó ra iná tó ń dán, ṣé kò rówó ibi tí wáyà ti pàdé ni? Àwọn mìíràn yóò di ẹ̀bi ru rẹ́wáyà. N kò gbà. Èyí tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ná an wálẹ̀ títí ó fi fi tépù parí rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí a yọ orí bátìrì. Kí a gé ojú ìsopọ̀ àtijọ́ dànù títí a ó fi rí bàbà tó ń dán. Kí a ki rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá rà á bọ wáyà, kí a jó ojú ìsopọ̀ náà lójé, kí a fi rọ́bà bò ó, kí a sì so ó mọ́lẹ̀ kí gbígbọ̀n ọkọ̀ má baà ṣẹ́ ẹ. Kí gílóòbù má sì ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fún lọ, nítorí ó tún ń fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ́wáyà yẹn. Mo san iye tó kọ́kọ́ sọ, mo tún san owó wáyà tó jóná. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín lónìí. Bí ẹ bá rí tépù dúdú lẹ́yìn iná iwájú, ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ má sì ná an.