Omi Tí Ilé Orí Táyà Lè Gbé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ nípa ilé kékeré orí táyà tí ìdílé ńso mọ́ ẹ̀hìn mọ́tò láti fi rin ìrìnàjò lí àkókò ìsimi. Kì í ṣe ohun titun. Airstream Clipper tí a ṣe lí ọdún 1936 pàápàá ńgbé omi tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó titun rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìdílé a máa ra àlòkù. Ọ̀rọ̀ omi inú àlòkù bẹ́ẹ̀ li a fẹ́ sọ lí ọ̀sẹ̀ yìí, nítorítí ẹnití kò bá yẹ̀ ẹ́ wò dáradára kí ó tó san owó lè bá ara rẹ̀ nínú òùngbẹ, tàbí nínú ewu lójú ọ̀nà.

Táńkì mẹ́ta li ó sábà máa ńwà nínú irú ilé yìí. Èkíní wà fún omi mímọ́ tí a ó mu tí a ó sì fi dáná. Èkejì a máa gba omi tí a fi wẹ̀ àti èyí tí a fi fọ àwo. Ẹ̀kẹta wà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nítorí náà, bí òǹtajà bá wí pé, “Ó ńgba gálọ́ọ̀nù 80,” kí ẹ bi í pé, táńkì wo? Àwọn mìíràn a máa ka omi inú ẹ̀rọ amómigbóná, gálọ́ọ̀nù 6 tàbí 10, mọ́ ti táńkì omi mímọ́.

Kí ẹ rántí pẹ̀lú pé gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn bàbá wa kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ bí lítà 4.5; ti Amẹ́ríkà jẹ́ bí lítà 3.8. Gálọ́ọ̀nù 40 ti Amẹ́ríkà jẹ́ bí lítà 151, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà onílítà 25. Ẹnití ó bá ti ru ọ̀kan rí mọ ohun tí mẹ́fà jẹ́.

Níbí yìí li ewu wà. Omi kì í lọ́tàá, ṣùgbọ́n lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà táńkì wa yìí, bí ó bá kún, dàbí ẹnipé àgbà ọkùnrin méjì wọ inú ilé náà. Lára èyí tí a ṣe lẹ́hìn ọdún 2008, ìwé kékeré kan wà tí ó sọ ìwọ̀n ẹrù tí ilé náà lè gbé, àti bí omi yóò ti wúwo tó nínú ẹrù náà. Ẹ kà á. Ẹ wo ibi tí táńkì wà pẹ̀lú. Ó dára kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilé náà bọ́ sórí ìkọ́ tí a fi so ó mọ́ mọ́tò. Bí táńkì bá wà lẹ́hìn táyà, omi yóò mú ẹ̀hìn wúwo, iwájú yóò sì fúyẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fì sọ́tùn-ún sósì nígbàtí mọ́tò bá ńsáré.

Bí ẹ bá rí táńkì náà, ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní íńṣì. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì fi 231 pín in. Táńkì tí ó jẹ́ 40, 24 àti 10 yóò gba bí gálọ́ọ̀nù 41 àti àbọ̀. Bí kò bá hàn síta, ẹ fi rọ́bà omi kún garawa gálọ́ọ̀nù 5, kí ẹ ka ìṣẹ́jú tí ó gbà. Lẹ́hìn náà ẹ fi rọ́bà kan náà kún táńkì tí ó ṣófo, láì dín omi kù, láì fi kún un. Bí garawa bá gba ìṣẹ́jú kan, tí táńkì sì gba ìṣẹ́jú 8, gálọ́ọ̀nù 40 ni. Nígbàtí ó bá kún, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ńjò.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé iná kékeré ara ògiri tí ó ńfi ìwọ̀n omi hàn. Nínú àlòkù a máa tan ni jẹ. Kì í sì í ṣe gbogbo omi inú táńkì li ẹ̀rọ lè fà jáde. Díẹ̀ a máa kù sí ìsàlẹ̀.

Omi tí a lè lò ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà gba kí ẹ̀rọ ìwẹ̀ tú gálọ́ọ̀nù 2.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnití ó bá fi í wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láì pa á ti lo gálọ́ọ̀nù 25, ìyá ilé kò sì tíì fọ àwo! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ láti pa omi nígbàtí nwọn bá ńfi ọṣẹ para. Bí táńkì omi ìwẹ̀ bá sì kéré ju ti omi mímọ́ lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ kún, ibi tí a yàn fún un nìkan li a sì lè dà á sí.

Ní ìkẹhìn, ẹ fọ táńkì náà kí ẹnikẹ́ni tó mu nínú rẹ̀. Fún gálọ́ọ̀nù 15 kọ̀ọ̀kan, ẹ da ṣíbí ńlá mẹ́rin blíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sínú omi, kí ẹ jẹ́ kí ó dé gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́hìn náà ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí kí ó tó na owó rẹ̀ yóò mọ ohun tí ó rà, ìdílé rẹ̀ yóò sì lọ, nwọn yóò sì bọ̀ lí àlàáfíà.