Kí Ni Aláwọ̀ Eérú Rù?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró dè mí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìtàn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní: «Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wo ohun tí mo kàn.» Mo ti fẹ́ bá a wí, nítorí òfin kò fàyè gba fóònù ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí pa mí lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ òfurufú ológun kan ni, tí ó tò ní ẹyọ-ẹyọ nínú eré tí wọ́n ń pè ní SimplePlanes, níbi tí olúkúlùkù ti ń so apá, ẹ́ńjìnnì àti táyà pọ̀ títí ohun tí ó kàn yóò fi fò, tàbí tí yóò já lulẹ̀. Ẹ́ńjìnnì èyí jẹ́ méjì, ìrù rẹ̀ náà jẹ́ méjì. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: Nord 2501 Noratlas, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ọmọ ogun Faransé, tí wọ́n fi àwọ̀ ara rẹ̀ sọ ní «la Grise», Aláwọ̀ Eérú.

Ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Faransé kan. Ó wù mí púpọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Dakota ti Amẹ́ríkà àti Junkers ti Jámánì ni Faransé fi ń kó ọmọ ogun àti ẹrù. Wọ́n wá fẹ́ èyí tí yóò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn. Àkọ́kọ́ rẹ̀ fò ní 1949, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó, ni wọ́n bá fi ẹ́ńjìnnì Hercules ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ju agbára ẹṣin 2,000 lọ. Ó wọ iṣẹ́ ogun ní 1953, kò sì fẹ̀yìn tì ní Faransé títí di 1989. Ìrù rẹ̀ jẹ́ méjì kí ẹ̀yìn ikùn rẹ̀ lè là sí awẹ́ méjì bí obì gbànja, kí ọkọ̀ ilẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ tààrà.

Ọmọ náà mọ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì jẹ́ mítà 32.5. Ó wá di olùkọ́ mi. Eré náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ń fi àmì sí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí, ó sì ń fi òmíràn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e ró. Bí ti afẹ́fẹ́ bá ṣíwájú ti ìwúwo, imú ọkọ̀ yóò gbéra, yóò sì fi ìdí já bọ̀. (Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù tí ó wúwo lẹ́yìn rí kò ní bèèrè ìdí.) Ìrù méjì yẹn ló ń fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

Mo bi í pé: «Kí ló rù?»

«Kò ru nǹkan kan, Ọ̀gá. Irin ni mo fi sínú rẹ̀ níwájú, kí ó má baà fi ìdí ṣubú.»

Mo jókòó. Mo sọ fún un pé ọmọ ogun 36 pẹ̀lú páráṣúùtì ni ikùn yẹn ń gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1956, láti inú irú ọkọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ogun Faransé ti bọ́ sílẹ̀ nítòsí Port-Saïd, nígbà tí Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Ísírẹ́lì gbógun ti Íjíbítì nítorí pé Nasser ti sọ ọ̀nà omi Suez di ti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Òun kan náà ni ó ń kó ọmọ ogun kiri ní Àlìjíríà, títí ìlú náà fi gba òmìnira ní 1962. Àwọn Potogí fi tiwọn jagun ní Àǹgólà àti ní Mòsáńbíìkì. Ó ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ náà, lórí ibùsùn tí a tò léra. N kò fi èyí pamọ́ fún un. Àwòrán tí mo rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀, èmi náà kò sì bèèrè.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní: «Ṣé kí n pa á rẹ́ ni, Ọ̀gá?» Mo ní rárá.

Ọjọ́ kejì, ó tún dé. Ó ti yọ irin náà kúrò, ó sì ti to ìjókòó 36 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ikùn ọkọ̀ náà, wọ́n kọjú sí ara wọn. Imú rẹ̀ sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ó ní òun yóò sún apá rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí òun tó dán an wò.