Omi Tó Jáde Lára Ọmọ Ni Kí Ẹ Dá Padà

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń wá ni èyí tí yóò dá a dúró. Àwọn kan á ní kí wọ́n má fún un lómi mọ́, pé bó bá ṣe ń mu ni yóò máa yà. Àwọn mìíràn á da àgbo sí i lẹ́nu tàbí kí wọ́n sáré lọ ra Flagyl ní kẹ́mísì. Ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló sábà ń pa ọmọ. Ẹni tó bá fi omi du ọmọ lásìkò yìí, àìsàn ló ń ràn lọ́wọ́.

Ní Ibiade àti àwọn abúlé etí omi tó yí i ká ní Ogun Waterside, kò yẹ kí a fi èyí ṣeré. Bí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ lóru níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ jáde, ilẹ̀ lè mọ́ kí ìyá tó rí nọ́ọ̀sì. Ara ọmọ ọwọ́ kì í dúró dìgbà náà kó tó gbẹ. Ilé ni ìtọ́jú ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a fi ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru ni ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi. Lọ́dún 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ Íńdíà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò sì ká a mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glucose mọ́ omi, kí ẹbí máa fún aláìsàn mu. Ibi tí nǹkan bí 30 ti ń kú nínú 100, kò tó 4 mọ́. Ìfun tó ń ṣàìsàn ṣì ń gba iyọ̀ wọlé bí ṣúgà bá bá a rìn, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà ọmọdé tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, polongo ìtọ́jú yìí nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera Nàìjíríà, láti 1985 sí 1992.

Ẹ ka ara páálí ORS yín. Bó bá ní lítà kan, piọ́ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ má bù ú lé, ẹ má sì bù ú dín. Ẹ máa fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyókù nù. Ẹ fi síǹkì kún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14: 20mg, tàbí 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì dá oúnjẹ ọmọ tó ti ń jẹun dúró.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tí kò lè mu nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ tàbí tí ó ń sùn láìjí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ máa fún un ní ORS lójú ọ̀nà bó bá ṣì lè mu. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì kò gbọ́dọ̀ dúró rárá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé eyín ló ń hù. Lọ́dún 2008, oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó ju 80 lọ ní Nàìjíríà. Bí eyín bá tilẹ̀ ń hù, ìgbẹ́ gbuuru ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀.

Ọ̀nà láti dènà rẹ̀ wà. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ọṣẹ lọ́wọ́ kí a tó bọ́ ọmọ àti lẹ́yìn tí a bá nù ún nídìí. Omi odò gbọ́dọ̀ hó kí ọmọ tó mu ún. Àjẹsára wà fún rotavirus, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Abẹ́rẹ́ kọ́ ni àjẹsára náà, ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, láti 2022 ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè fún un.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ ra ORS méjì àti síǹkì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ fi ibi tí ẹ tọ́jú wọn sí han ìyá àgbà àti ẹ̀gbọ́n ọmọ, nítorí ẹni tó bá wà nílé nígbà tí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ bá dé ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.